Kì í Ṣe Gbogbo Ẹni Tó Mọ Bọ́ọ̀lù Gbá Ló Lè Darí Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Mòwé, Ìbafo àti Ìfọ̀

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré ìdárayá gbà pé ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá dáadáa ló yẹ kó kọ́ni, òun náà ló sì yẹ kó jókòó sórí àga àjọ. Àpilẹ̀kọ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbígbá bọ́ọ̀lù, kíkọ́ni àti ìṣàkóso, kálukú ló sì ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wo Masai Ujiri, ọmọ tó dàgbà ní Zaria. Ó fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù, àmọ́ kò di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì ń bá ikọ̀ Orlando Magic wá agbábọ́ọ̀lù kiri láìgba owó oṣù. Nídìí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣàkóso. Lọ́dún 2013, wọ́n fi í ṣe alákòóso tó pegedé jùlọ nínú NBA. Lọ́dún 2019, Toronto Raptors tó ń darí gba ife ẹ̀yẹ.

Rena Wakama náà gbá bọ́ọ̀lù fún D'Tigress, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì ṣiṣẹ́ ní fásitì Stony Brook kí wọ́n tó fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ náà lọ́dún 2023. Lọ́dún yẹn gan-an ló gba ife Áfíríkà ní Kigali, ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá obìnrin kankan kò tíì ṣe rí. Ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, ikọ̀ rẹ̀ na Ọsirélíà ní 75 sí 62, ó na Kánádà ní 79 sí 70, ó sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó máa wọ ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Òlíḿpíìkì.

Ẹnìkan lè ní akọ́nimọ̀ọ́gbá rere ti tó. Ọdún 2022 já irọ́ yẹn. Igun méjì ń jà nítorí àga NBBF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n òkèèrè fún ọdún méjì. Nínú oṣù Kẹfà ni wọ́n yí ìpinnu náà padà, àmọ́ FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, ti gbé àyè D'Tigress nínú ife àgbáyé Sydney fún Mali. Ohun tí àwọn ọmọbìnrin náà fi òógùn gbà lórí pápá, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti pàdánù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ yìí wá sílé. Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 2006 àti 2025. Ohun tó dára ni, àmọ́ pápá kì í kọ́ ọmọ. Mòwé àti Ìbafo lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti Ìfọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ni àwọn ará Èkó ń ya lọ kọ́lé. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ìfọ̀ dá ilẹ̀ pápá sí kí ilé tó gbà á tán. Kí wọ́n gba àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ síṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́: kí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí wọ́n ṣètò ìdíje, kí wọ́n sì ṣírò owó rẹ̀ fún aráàlú. Ẹni tó bá yege nínú ìwọ̀nyí ni kí a fi jẹ alákòóso, kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn ń dún.