Shisa nyama

Èdè Zulu ni. «Shisa» ni kí a sun nǹkan, «nyama» sì ni ẹran. Àwọn ará Oǹdó tó ń jẹ asun yóò tètè lóye rẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, nyama yìí kan náà ló wà nínú nyama choma, ẹran sísun tiwọn.

Ṣùgbọ́n ní Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè South Africa, pàápàá ní Soweto, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ẹran: ó ti di orúkọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ àti ìpéjọ tó ń wáyé níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù alápatà ló sábà máa ń wà. Oníbàárà á mú ẹran tútù tó wù ú, wọn á wọ̀n ọ́n, á sanwó, wọn á sì sun ún lórí iná. Tó bá jinná, wọn á gé e sórí pátákó kan, pẹ̀lú pap, òkèlè àgbàdo funfun, àti chakalaka, ọbẹ̀ kan tó ta lẹ́nu. Gbogbo ọ̀rẹ́ á jọ nawọ́ sí i.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ nìyẹn: àjọjẹ.

Àwọn tó ń sọ Afrikaans ń pe ẹran sísun ní braai. Ní September 24, ọjọ́ ìsinmi àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà, aláwọ̀ dúdú àti funfun ló ń dáná ẹran. Desmond Tutu, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó gbé ní Soweto, gbárùkù ti àṣà ọjọ́ náà gidigidi.