Ta Là Ń Pa Nínú Géèmù?

Ẹni tó bá ṣe ọmọdé nígboro Èkó tàbí Ìbàdàn láyé PlayStation 2 kò ní í gbàgbé ilé géèmù. A ó sanwó, wọn ó fún wa ní páàdì, ẹni tó ń dúró de tiẹ̀ á máa mí sí wa lọ́rùn. Bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù, Grand Theft Auto: Vice City ni. A ó jí mọ́tò, a ó yìnbọn, a ó sá fún ọlọ́pàá, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi wá pé ta là ń pa. Àwa náà ò bi ara wa.

Oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni géèmù náà jáde. Rockstar North, iléeṣẹ́ kan ní Scotland, ló ṣe é. Ìlú àròsọ ni Vice City, àmọ́ Miami ti ọdún 1986 ni wọ́n wò kọ́ ọ. Tommy Vercetti là ń darí nínú rẹ̀. Ará Kúbà kan, Umberto Robina, á rán an lọ bá àwọn ọmọ ìta ará Háítì jà. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Háítì, Auntie Poulet, á fún un ní nǹkan mu, orí rẹ̀ á dàrú, á tún yí padà sí àwọn ará Kúbà. Láàárín rògbòdìyàn yìí ni àṣẹ ti jáde pé kí wọ́n pa àwọn ará Háítì.

Nígbà tó di ìparí ọdún 2003, àwọn ọmọ Háítì ní New York àti Florida fárígá. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti tọrọ àforíjì, wọ́n sì ṣèlérí láti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú èyí tí wọ́n máa tẹ̀ lẹ́yìn náà. Àmọ́ èyí tó ti wọlé onílé ti wọlé. Àwọn kan ní àwọn ará Háítì ò mọ eré. Ẹni tó bá mọ ìtàn wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1980, nǹkan bí 125,000 ará Kúbà wọkọ̀ ojú omi láti Mariel wá sí Florida. Ọ̀pọ̀ ará Háítì tó ń sá fún ìjọba Duvalier náà wọkọ̀ wá. Òkun ni gbogbo wọn là kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò kí wọn káàbọ̀ bákan náà. Wọ́n ka ará Kúbà sí ẹni tó sá fún ìjọba kọ́múníìsì; wọ́n ní oúnjẹ lásán ni ará Háítì ń wá, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ wọn mọ́lé. Lọ́dún 1981, Ààrẹ Reagan pàṣẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi máa dá ọkọ̀ wọn padà lójú agbami. Lọ́dún 1983, CDC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, ka ará Háítì mọ́ àwọn tó lè tètè ní àrùn éèdì. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ṣe ni wọ́n wò, ìlú tí wọ́n ti bí i ni. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àgbà, wọ́n ń fi ọmọdé ṣẹ̀sín nílé ìwé. Ọdún 1985 ni wọ́n tó yọ orúkọ wọn. Síbẹ̀, lọ́dún 1990, ìjọba tún ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fẹsẹ̀ rin afárá Brooklyn kọjá láti fẹ̀hónú hàn.

Ẹ wò ó: ọdún 1986 tí géèmù yìí dúró lé, ọdún kan péré ni sí ìgbà tí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìwé CDC. Ẹni tí wọ́n pè ní àrùn, tí wọ́n lé padà sójú òkun, ṣé ó lè gbọ́ “ẹ pa wọ́n” kó sì rẹ́rìn-ín?

A mọ̀ pé òfin ò ka géèmù léèwọ̀. Lọ́dún 2011, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ tí òfin fún ìwé àti fíìmù náà ló fún géèmù. A ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ gbogbo ohun tí òfin gbà kọ́ ló yẹ ọmọlúàbí. Ọ̀daràn paraku ni Tommy, ṣùgbọ́n ó lórúkọ, ó lọ́rẹ̀ẹ́, ó ní ìtàn. Bó bá ṣe ibi, Tommy ló ṣe é. Bí ọmọ ìta Háítì bá ṣe ibi, Háítì ló ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó sì kàn wá. Ògún tí à ń bọ níbí, Oggún ni wọ́n ń pè é ní Kúbà, Ogou ni ní Háítì. Àwa tá a jókòó nílé géèmù yẹn, mọ̀lẹ́bí wa là ń fi mọ̀lẹ́bí wa pa. Nígbà tí fíìmù District 9 fi ọmọ Nàìjíríà hàn bí ọ̀daràn lásán lọ́dún 2009, ariwo ta. Dora Akunyili, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá má fi í hàn mọ́. Ó dùn wá gan-an. Síbẹ̀, àwa kan náà là ń rẹ́rìn-ín nínú fíìmù tiwa tí wọ́n bá sọ máígádì Haúsá di òmùgọ̀, tí wọ́n sọ Íbò di ẹni tó lè ta ìyá rẹ̀ nítorí owó.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. A ò ní kí ẹ gba páàdì lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ jókòó tì í. Bó bá ti ń yìnbọn, ẹ bi í léèrè: “Ta lo ń pa yìí? Kí ló ṣe?” Ìbéèrè yẹn ni kò sẹ́ni tó bi àwa.