Ojú Ọ̀run Òru ní Kòsófẹ́: Ìtàn Iná àti Ìràwọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti ní láti wo ojú ọ̀run lálaalẹ́. Bí ojú ọ̀run bá wá pamọ́ fún wa, níbo ni irú òwe bẹ́ẹ̀ yóò fìdí tì?

Ní ayé àwọn bàbá wa, òṣùpá ni fìtílà ìta. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pàlọ́. Ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó. Láti erékùṣù ni ó ti tàn dé Kétu àti Ìkòsì. N kò bú iná: òun ni àwọn alájàpá Mile 12 fi ń já ẹrù lóru. Ṣùgbọ́n ohun tí ó là wá lójú nílẹ̀ ni ó dí wa lójú lókè.

Ní oṣù January kan, mo gbé kámẹ́rà sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Kétu láti ya Orion Nebula, ìkùukùu tí a ti ń bí ìràwọ̀, tí ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí wa lásìkò ọyẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rin nǹkan bí 1,300 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán àkọ́kọ́ funfun bí ògì: iná àdúgbò àti eruku ọyẹ́ ti bò ó. Mo ya 60 àwòrán, ìṣẹ́jú àáyá 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀rọ tí ń bá ọ̀run yí. Mo fi kọ̀ǹpútà tò wọ́n lé ara wọn, ìkùukùu náà sì yọ díẹ̀. Awò asẹ́mọ̀ọ́lẹ̀ lè sẹ́ iná sodium àtijọ́, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n iná LED funfun tí ó gbòde báyìí kó gbogbo àwọ̀ pọ̀, kò ṣe é sẹ́ bọ̀rọ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, àbígbẹ̀yìn mi gbójú sókè, ó ní: “Bàbá, ta ni ó da ìwọ̀nyí síbẹ̀?” Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí iná lọ ní Los Angeles lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù January 1994, àwọn àgbàlagbà tẹ ilé ìwòràwọ̀ Griffith láago láti béèrè ohun tí ó ṣe ojú ọ̀run.

Ìràwọ̀ kò kúrò níbẹ̀. Àwa ni a fi iná bò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a dé iná ìta wa lórí, kí ó máa wo ilẹ̀. Olè kì í gba ojú ọ̀run wọlé. Nígbà náà ni àwọn ọmọ wa yóò fi ojú ara wọn rí i, láìjẹ́ pé ìwé nìkan ni ó sọ fún wọn, pé Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá.