Láti Inú Ìtọ̀ Dé Orí Apá

Orúkọ tí a ń pe àrùn yìí, ìtọ̀ ṣúgà, ti sọ ìdajì ìtàn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ínsúlínì, ìtọ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ rí i pé èèrà ń ṣù bo ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan, wọ́n sì sọ àrùn náà ní madhumeha, ìtọ̀ oyin. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Thomas Willis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn bí oyin. Ní 1776, Matthew Dobson ní Liverpool se ìtọ̀ títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Ohun tó kù nísàlẹ̀ rí bíi ṣúgà, ó sì dùn bíi ṣúgà. Ẹ wo ẹni tó ń tọ́ ọ wò nínú gbogbo èyí: oníṣègùn ni. Ti aláìsàn kò ju kó tọ̀ lọ. Lójú tèmi, ìtàn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá lónìí kì í ṣe ìtàn ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ṣúgà ni.

Ìtọ̀ kì í parọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ dé. Ọ̀nà tí Stanley Benedict gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn gbára lé: wọ́n á kán ìtọ̀ bíi ẹ̀kán mẹ́jọ sínú omi aláwọ̀ búlúù, wọ́n á gbé e kaná. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí, wọ́n á gbà pé kò sí ewu. Bó bá di àwọ̀ ewé, tó di yẹ́lò, tó wá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti kọjá ààlà. Àmọ́ kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà yọ sínú ìtọ̀ àfi bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL. Ìtọ̀ tí wọ́n sè láàárọ̀ sì ti wà nínú àpò ìtọ̀ láti òru. Ìròyìn àná ni. Èyí tó wá burú jù ni pé bí ṣúgà bá já wálẹ̀ débi tí èèyàn ń dákú lọ, búlúù náà ni omi yẹn á ṣì máa jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n rí ínsúlínì ní Toronto ní 1921, eléyìí di ewu gidi, torí oògùn tó ń gba ẹ̀mí là náà ló lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù.

Ní nǹkan bíi 1970, ilé iṣẹ́ Ames ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń ka ṣúgà láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ó wúwo ju kílò kan lọ. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí pélébé kan, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú kan géérégé, wọ́n á fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n tó tì í sínú ẹ̀rọ. Àwọn dókítà àti ọsibítù nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Richard Bernstein, ẹnjinníà tó ti ní àrùn náà láti ọmọ ọdún méjìlá, fẹ́ ọ̀kan. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló fi rà á. Inú ilé ara rẹ̀ ló ti rí ohun tí ìtọ̀ kò sọ fún un rí: láàárín ọjọ́ kan, ṣúgà rẹ̀ ń já sí abẹ́ 40, ó tún ń fò kọjá 400. Ó tún oúnjẹ àti ínsúlínì rẹ̀ tò, ara rẹ̀ sì ń bọ̀ sípò. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn, wọn kò gbà á. Nígbà tó ti lé lógójì ọdún, ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà kí wọ́n lè fetí sí i.

Àwọn tó kọ̀ fún un kì í ṣe òpè. Wọ́n ní nọ́ńbà láìsí ìmọ̀ á kó ìpayà bá aláìsàn. Wọ́n tún ní kò sí ẹ̀rí pé dídi ṣúgà mú ṣinṣin ń dènà ìfọ́jú. Èkejì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rí dé ní 1993, nígbà tí ìwádìí DCCT lórí 1,441 èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà parí: nínú àwọn tó ń gún ìka lẹ́ẹ̀mẹrin ó kéré tán lójúmọ́, tí wọ́n sì ń fi nọ́ńbà náà díwọ̀n ínsúlínì, ewu kí àrùn ojú bẹ̀rẹ̀ dín kù ní ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà wo ló lè bá èèyàn gbélé láti máa gún ìka lẹ́ẹ̀mẹrin? Aláìsàn ló gún un.

Síbẹ̀, nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ àlẹ̀mọ́ra àkọ́kọ́ tó ń ka ṣúgà lemọ́lemọ́ ní 1999, aláìsàn á gbé e sára fún ọjọ́ mẹ́ta láìrí nọ́ńbà kankan. Dókítà ló ń kà á lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ tuntun, àṣà àtijọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló wá ń fi nọ́ńbà han ẹni tó wọ̀ ọ́. Ní 2014, FreeStyle Libre dé Yúróòpù, ìlẹ̀mọ́ tí kò ju owó ẹyọ lọ lẹ́yìn apá, tó ń lo ọjọ́ 14. Àwọn kan ní omi abẹ́ awọ ló ń kà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rẹ̀yìn. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn gún ìka bí ara bá ń sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ìka gígún kò ní ọfà tí ẹ̀rọ àlẹ̀mọ́ra fi ń tọ́ka ibi tí ṣúgà ń lọ. Nọ́ńbà 90 tí ọfà rẹ̀ dorí kodò kì í ṣe 90 tí tirẹ̀ dọ́gba: ọ̀kan ní kó o wá nǹkan dídùn mu, èkejì ní kó o máa sùn lọ. Ti owó ni mi ò rí fèsì sí. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló ń ti àpò ara wọn rà á, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á tún òmíràn rà. Òṣùwọ̀n tó bọ́ lọ́wọ́ dókítà wá kó sọ́wọ́ olówó.

Ní oṣù kẹta 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ yìí, Stelo, tí èèyàn lè rà láìgba ìwé dókítà, bó bá ti pé ọmọ ọdún 18 tí kò sì lo ínsúlínì. Ẹni tó ń gún ínsúlínì, bí Bernstein ti ṣe nígbà ayé rẹ̀, ṣì gbọ́dọ̀ gba ìwé.