Títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìdíje

Títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìdíje, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní aláínmẹ́ǹtì, ni iṣẹ́ títún ìdúró táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ ṣe kí wọ́n lè di ilẹ̀ mú dáadáa lórí pápá ìdíje. Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dá lé: kámbà, tóò àti kásítà.

Ìyàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú pópó

Ọkọ̀ tó ń ná Òde-Ìrèlè sí Òkìtìpupa ń kó èrò àti ẹrù, ó sì lè já sí kòtò lójú ọ̀nà. Wọ́n ń to ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa lọ tààrà, kí táyà rẹ̀ sì pẹ́. Ní ti ọkọ̀ ìdíje, inú kọ́nà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣe pàtàkì jùlọ. Nítorí náà, ìdúró táyà nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà ni wọ́n ń lépa, kì í ṣe ìdúró rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan.

Kámbà

Kámbà ni bí táyà ṣe fì sí inú tàbí sí òde bí ènìyàn bá wò ó láti iwájú. Bí ọkọ̀ bá ń sáré yí kọ́nà, ara rẹ̀ a fì sí òde, a sì fa orí táyà ẹ̀gbẹ́ òde lọ. Bí orí táyà bá ti fì sí inú díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ ní àkókò yìí. Bí ó bá pọ̀ jù, etí inú táyà yóò gbóná jù, bíréèkì kò sì ní mú dáadáa.

Ní pápá Indianapolis ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìdíje ọlọ́dọọdún ti ń yí sí òsì nìkan, táyà ọ̀tún máa ń fì sí inú, ti òsì a sì fì sí òde.

Tóò àti kásítà

Tóò ni bóyá iwájú táyà méjì súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn wọn lọ, tàbí ó jìnnà síra. Bí iwájú àwọn táyà iwájú bá jìnnà síra díẹ̀, ọkọ̀ a tètè wọ kọ́nà. Bí iwájú àwọn táyà ẹ̀yìn bá súnmọ́ra díẹ̀, ìdí ọkọ̀ kì í yà bàrá. Ní ọdún 2020, Mercedes lo ẹ̀rọ kan tí awakọ̀ fi ń yí tóò padà nípa fífa tàbí títi sítíárìn. Wọ́n fòfin dè é láti ọdún 2021.

Kásítà ni bí òpó tí táyà iwájú ń yí lé lórí ṣe fì sẹ́yìn. Òun ni ó ń dá sítíárìn padà sí àárín. Bí ó bá pọ̀, sítíárìn a wúwo.

Ìlànà iṣẹ́

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wọn afẹ́fẹ́ táyà, wọ́n á bu epo sínú ọkọ̀, wọ́n á sì gbé ẹrù tó wúwo tó awakọ̀ sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún gíga ọkọ̀ ṣe, kí wọ́n tó kan kásítà àti kámbà. Tóò ni ó ń gbẹ̀yìn, nítorí pé bí kámbà bá yí, tóò náà yóò yí. Láti wọn tóò, wọ́n lè ta okùn tínínrín sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì ní ìbámu pẹ̀lú àárín ọkọ̀, kí wọ́n wá wọn àlàfo láti okùn dé etí iwájú àti etí ẹ̀yìn rímù.

Lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti sáré díẹ̀, wọ́n á wọn ìgbóná táyà ní etí inú, àárín àti etí òde. Bí etí inú bá gbóná ju ti òde lọ jìnnà, kámbà ti pọ̀ jù.

Ewu àti òfin

Ní ìdíje Bẹ́ljíọ̀mù ọdún 2011, Red Bull lo kámbà tó ju ìwọ̀n tí Pirelli, tó ṣe táyà náà, dámọ̀ràn. Táyà wọn ru, wọ́n sì ní láti tètè wọlé pààrọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sebastian Vettel ni ó borí. Lẹ́yìn tí táyà mélòó kan bẹ́ lórí eré ní Silverstone ní ọdún 2013, àjọ FIA sọ ìwọ̀n kámbà tí Pirelli ń fúnni di dandan.