Àyẹ̀wò àti àtúnṣe oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù

Àyẹ̀wò àti àtúnṣe oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ tí mẹkáníìkì fi ń wádìí àwọn oríkèé tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ àti mọ́ síárìn, tó sì fi ń pààrọ̀ èyí tó bá ti gbó. Gbogbo irin, rọ́bà àti sípíríǹgì tó gbé ọkọ̀ dúró lórí táyà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "ẹsẹ̀ ọkọ̀". Iṣẹ́ yìí wúlò púpọ̀ ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí píkọ́ọ̀pù ti ń kó ẹja, gàárì, pákó àti búlọ́ọ̀kù. Oríkèé tó gbó kì í sábà dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ á ṣì máa rìn títí di ọjọ́ tí oríkèé náà á yọ, tí táyà á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí eré.

Àwọn oríkèé náà

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì jẹ́ irin olórí róbótó tó ń yí nínú ihò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orí egungun itan ṣe ń yí nínú ìbàdí. Òun ló so apá irin abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ibi tí táyà dúró lé. Táírọ́ọ̀dù ni ọ̀pá tó ń gbé ìyípo síárìn dé ọ̀dọ̀ táyà; oríkèé róbótó kékeré wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Búṣì ni rọ́bà tó wà níbi tí apá irin ti so mọ́ férémù. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe oríkèé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú, ara àwọn oríkèé ni ìnira gálọ́ọ̀pù á máa bọ́ sí.

Ètò wọn yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn. Peugeot 504 pọ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Níwájú rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì wà pa pọ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kan ṣoṣo ló sì wà nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Toyota Hilux tó jáde láti 2005 ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tirẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ló gbé sípíríǹgì.

Ohun tó ń gbó wọn

Ẹrù àpọ̀jù, kòtò, omi àti iyanrìn ni olórí ọ̀tá oríkèé. Rọ́bà kékeré ló bo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kí gíríìsì inú rẹ̀ má baà jò. Bí rọ́bà náà bá ya, omi àgbàrá àti iyanrìn á wọlé, wọn á sì máa lọ irin bí ọlọ. Ọkọ̀ tó ń kúrò lórí ọ̀dà ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtóìkín àti Ẹ̀pẹ́ láti wọ ọ̀nà erùpẹ̀ lọ sí oko tàbí etí ọ̀sà ń bá gbogbo ọ̀tá wọ̀nyí pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àmì

Ìró "kò-kò-kò" nígbà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò, síárìn tó ń mì lọ́wọ́ awakọ̀, ọkọ̀ tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti táyà tó ń jẹ ní etí kan ju èkejì lọ ni àwọn àmì tó wọ́pọ̀. Ìró nìkan kò tó láti dá oríkèé kan lẹ́bi, nítorí pé búṣì, ṣọ́ọ̀kì àti bíárìn náà lè dún bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò nílò jáàkì. Ẹnì kan á máa yí síárìn díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì nígbà tí táyà wà nílẹ̀. Ẹnì kejì á fi ọwọ́ kan táírọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Oríkèé tí ọ̀pá rẹ̀ ti kọ́kọ́ mì kí táyà tó yí ti gbó.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi nǹkan di táyà ẹ̀yìn, a ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè, a ó sì fi irin tó lágbára gbé e ró, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán. Níbi tí sípíríǹgì bá wà lórí apá ìsàlẹ̀, bíi ti Hilux, abẹ́ apá ìsàlẹ̀ náà ni a ó ti gbé e, lẹ́bàá táyà, kí ẹrù lè kúrò lórí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Bí a bá gbé e láti férémù, sípíríǹgì lè ti oríkèé náà pa, kí àléébù rẹ̀ má sì hàn. Ti Peugeot 504 yàtọ̀: férémù ni a ti ń gbé e, kí táyà lè rọ̀.

Mẹkáníìkì á di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, á sì mì ín. Mímì níbẹ̀ ń tọ́ka sí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárìn. Bí ẹlòmíràn bá tẹ búréèkì tí mímì náà sì dáwọ́ dúró, bíárìn ni. Mímì ní ọ̀tún àti òsì ń tọ́ka sí táírọ́ọ̀dù. Irin gígùn tí a fi gbé táyà sókè láti ìsàlẹ̀ náà máa ń fi àyè inú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì hàn.

Àtúnṣe

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó gbó kò ṣeé fún padà. Pípààrọ̀ ni oògùn rẹ̀. Gbígbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kì í ṣe àtúnṣe, nítorí iná ń ba líle irin jẹ́. Ọjà Ládìpọ̀ ní Muṣin jẹ́ ibi tí a ti ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun àti tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n oríkèé tòkunbọ̀ ti lo apá kan nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ẹni tó rà á tó sanwó.

Kí a tó tú táírọ́ọ̀dù, a ó ka iye ìgbà tí ó yí kí ó tó jáde, kí tuntun lè wọlé dé ibi kan náà. Nọ́ọ̀tù tó ní ojú fún píìnì ni a máa ń fún dé ìwọ̀n tí olùṣe ọkọ̀ fi lélẹ̀. Bí ihò kò bá bára mu, síwájú ni a ó fún un sí i. A kì í dá a padà sẹ́yìn. Píìnì tuntun ni a ó fi dè é. Bóòtù búṣì kò gbọ́dọ̀ le títí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí táyà rẹ̀. Bí a bá fún un nígbà tí apá irin ṣì rọ̀ sílẹ̀, rọ́bà á lọ́, á sì tètè ya. Aláìnmẹ́ǹtì ló kẹ́yìn iṣẹ́: láìsí i, ọkọ̀ lè jẹ táyà tuntun tán láìpẹ́.

Ìpèpadà Toyota

Kì í ṣe ogbó nìkan ló ń ba oríkèé jẹ́. Ní 2005, Toyota pe ọ̀pọ̀ Tacoma àti àwọn ọkọ̀ ńlá mìíràn padà ní Amẹ́ríkà nítorí àléébù bọ́ọ̀lù jọ́ìntì iwájú. Ní 2007, ó tún pe Tundra àti Sequoia tó lé ní 500,000 padà fún irú àléébù bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wọ Nàìjíríà, kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí a pè padà ni a ń tún ṣe kí a tó tà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní láti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó di ẹrù lé e.