Iye Píksẹ̀lì àti Ọ̀nà Ìfúnpọ̀ Fídíò

Píksẹ̀lì ni àwọn àmì aláwọ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán lójú tẹlifíṣàn tàbí fóònù. Fídíò 720p ní píksẹ̀lì 1280 ní ìbú àti 720 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 921,600. Ti 1080p, tó jẹ́ 1920 ní 1080, lé ní mílíọ̀nù 2. Ti 4K inú tẹlifíṣàn, 3840 ní 2160, jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 1080p gééré.

Ẹrù ńlá ni píksẹ̀lì wọ̀nyí. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 3, tí àwòrán 25 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan fídíò 1080p yóò tó nǹkan bí gígábáìtì 560. Àwo DVD lásán kò sì gbà ju gígábáìtì 4.7 lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fídíò tí ń dé ọ̀dọ̀ òǹwòran láìjẹ́ pé wọ́n ti fún un pọ̀.

Codec, ìyẹn ètò tó ń fún fídíò pọ̀ tó sì ń tú u, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹnìkan bá jókòó tó ń ka ìròyìn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí padà; ẹnu, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ló ń mì. Codec á tọ́jú àwòrán kan lódindi, nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, kìkì ohun tó yí padà ni yóò kọ sílẹ̀. Òjò ńlá, ìgbì òkun àti èrò tí ń jó lágbo ló ń nira fún un, torí kò sí ibi tó dúró jẹ́ẹ́. Bí dátà kò bá tó níbẹ̀, àwòrán á fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi táìlì.

Oríṣiríṣi codec ló wà. MPEG-1 ló gbé VCD jáde ní 1993. Àwo yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi wo fíìmù àgbéléwò Yorùbá tí wọ́n rà ní ọjà Ìdúmọ̀tà tàbí Alába: píksẹ̀lì 352 ní 288 péré, nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lórí àwo kan, fíìmù tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ á sì gba àwo méjì. MPEG-2 ni ti DVD. H.264 dé ní 2003, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fóònù tí kò lè ṣí i. H.265 ti 2013 lè fi nǹkan bí ìdajì dátà H.264 gbé àwòrán tó mọ́ bákan náà. VP9 ti Google jáde lọ́dún kan náà, AV1 tí kò gba owó àṣẹ sì tẹ̀ lé e ní 2018. Ṣùgbọ́n fóònù tó ti pẹ́ lè má lágbára láti tú fídíò tí àwọn codec tuntun yìí fún pọ̀, ohùn á máa jáde láìsí àwòrán.

MP4 àti MKV kì í ṣe codec. Àpótí tí wọ́n ń kó fídíò tí codec ti fún pọ̀ sí ni wọ́n, H.264 tàbí H.265 sì lè wà nínú MP4 kan náà.

Nítorí pé kì í ṣe iye píksẹ̀lì nìkan ló ń pinnu bí àwòrán ṣe mọ́ tó, 720p tí dátà rẹ̀ tó lè dára ju 1080p tí wọ́n fún pọ̀ jù lọ. Fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ kì í sábà mọ́ tó ti inú kámẹ́rà, torí wọ́n ti tún un fún pọ̀ kó tó lọ. Ohun tó bá sọnù báyìí kò ṣeé dá padà. Fáìlì tí kámẹ́rà yà gan-an ni kí á tọ́jú.